Gèlè Tí Mo Wé fún Ajay

Kí n tó rí ojú rẹ̀, aṣọ tí wọ́n fẹ́ wé mọ́ ọn lórí ni mo kọ́kọ́ rí. Aṣọ aláwọ̀ ọsàn ni, ó gùn gbọọrọ, ó ń dán yinrin bí kọ́tìnnì ilé ọtí. Michelle, obìnrin tó ni eré náà, ló gbé e wá bá mi níbi tí mo ti ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì àwọn òṣèré.

"Déọlá, pet," ó ní, "ìwọ lo mọ nǹkan orí yẹn wé, àbí? That thing your mammy wears. Wé e fún Indian wa."

Mo bi í pé irú wo ni kí n wé. Ó rẹ́rìn-ín. "Any way you like. Àwọn tó máa wò ó ò kúkú ní mọ̀."

Inú bí mi débi pé díẹ̀ ló kù kí áyọ́ọ̀nù jó ṣẹ́ẹ̀tì tó wà níwájú mi. Inú ilé ìkẹ́rù kan ní Finglas, ní Ireland níbí, la ti ń ya eré náà, láàárín ibi tí wọ́n ti ń pààrọ̀ táyà àti ibi tí wọ́n ti ń ta ilẹ̀kùn. Eré apanilẹ́rìn-ín ni, tí wọ́n fẹ́ tà fún tẹlifíṣọ̀n London àti Amẹ́ríkà. Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa wọ àwọn òṣèré láṣọ. Kò sẹ́ni tó bi mí rí bóyá mo mọ láwàní wé. Mo ṣáà jẹ́ ọmọ aláwọ̀ dúdú, ó tán.

Bí mo ṣe ń bínú lọ́wọ́ ni ọmọkùnrin kan wọlé. Ó ga, ó dúdú, irun rẹ̀ kún dẹ́dẹ́, ẹ̀rín sì ti wà lójú rẹ̀ kó tó lanu.

"Howya," ó ní. "Èmi ni Indian yín."

Ohùn Clondalkin, àdúgbò kan níbí, ni mo gbọ́ yẹn! Òyìnbó ló ń sọ jálẹ̀ ìtàn yìí, èmi ni mò ń tú u, ṣùgbọ́n òyìnbó àwọn tí a jọ lọ sílé ìwé ni. Mo fi aṣọ náà hàn án. Ó fà sẹ́yìn bí ẹni tí wọ́n fi ejò hàn.

"Mi ò wé irú nǹkan yìí rí láyé mi. Bàbá mi ò wé e, bàbá tó bí bàbá mi ò wé e. Àwọn Síìkì ló ni láwàní, adé wọn ni, wọn kì í fi ṣeré. Ọmọ Kérálà lèmi, ìsàlẹ̀ Índíà pátápátá, létí òkun."

"O ò sọ fún Michelle ni?"

"Mo sọ. Ó ní mi ò jọ Indian tó."

Ẹ gbọ́ mi o! Índíà ni wọ́n bí i sí. Nọ́ọ̀sì ni ìyá rẹ̀, iṣẹ́ ilé ìwòsàn ló gbé wọn wá síbí nígbà tó wà ní kékeré. Obìnrin tí kò rìn kọjá etíkun Spain rí ló wá ń sọ fún ọmọ Índíà pé kò jọ Índíà tó. Mo pòṣé. Òun náà pòṣé. Bí ojú wa ṣe ṣe mẹ́rin, ẹ̀rín pa àwa méjèèjì.

"Kí ni wọ́n ń pè ọ́?" mo bi í.

"Ajay."

"Àjàyí?"

"Ajay. Ó túmọ̀ sí ẹni tí wọn ò lè ṣẹ́gun."

"Tiwa ni ọmọ tó dojú bolẹ̀ wáyé."

"Tiyín dùn ju tiwa lọ," ó ní, ó sì jókòó, ó gbé orí kalẹ̀ fún mi.

Ìbínú ni mo fi wé e. Níwọ̀n ìgbà tí wọ́n ti ní kò sẹ́ni tó máa mọ̀, mo wé e gẹ́gẹ́ bí ìyá mi ṣe kọ́ mi. Mo ká a, mo tò ó ní ìpele-ìpele, mo sì fa igun kékeré kan yọ lókè etí òsì rẹ̀. Ìyá mi nìkan ló ń wé e bẹ́ẹ̀. Gèlè ìyàwó ni wọ́n ń wé jẹun ní Ṣàgámù kí wọ́n tó sá wá sí Ireland, títí dòní náà ni àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì máa ń tò sí pálọ̀ wa ní Ongar láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú. Wọ́n ní igun yẹn ni etí tí gèlè fi ń gbọ́ òfófó.

Michelle yọjú, ó pàtẹ́wọ́. "Oh, perfect! So authentic!"

Gèlè obìnrin Rẹ́mọ ló wà lórí ọmọ Kérálà o. Ajay fi eyín di ètè rẹ̀ mú. Èmi sá sẹ́yìn àwọn aṣọ tí a fi kọ́ kí n tó bú sẹ́rìn-ín.

Ẹ̀rín náà ò pẹ́ nílẹ̀. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ya eré, wọ́n ní kó máa mi orí ní gbogbo ìgbà tó bá sọ̀rọ̀. Wọ́n ní kó máa fi imú sọ ọ́. Ó ní láti sọ pé bàbá òun ti fi òun fún ìyàwó tí òun ò rí rí, kí àwọn yòókù sì máa di imú nítorí oúnjẹ rẹ̀. Ó gbìyànjú láti yí gbólóhùn kan péré padà. Wọ́n dá a dúró, wọ́n ní kó padà síbi tí wọ́n kọ sílẹ̀.

Nígbà tó jáde, mo tú aṣọ náà lórí rẹ̀. Òógùn ti bò ó.

"Kí ló dé tó o gbà á?" Mi ò fi ohùn jẹ́jẹ́ bi í.

"Mo rò pé tí mo bá ti ráyè wọlé, mo lè tún un ṣe látinú." Ó nu ojú. "Ìyá mi máa wo èyí, Déọlá."

Àánú rẹ̀ ṣe mí. Inú tún bí mi sí i.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ó ṣí kúlà oúnjẹ kan níwájú mi. Ẹ̀gẹ́ sísè ló wà níbẹ̀, tí wọ́n fọ́ pẹ̀lú àgbọn àti ata, ọbẹ̀ ẹja pupa sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo pariwo.

"Gbáàgúdá! Ẹ̀yin náà ń jẹ ẹ́?"

"Kappa la ń pè é. Oúnjẹ ilé wa gan-an nìyí."

Àwọn tó ń di imú sí oúnjẹ rẹ̀ nínú eré ò sì tọ́ ọ wò rí. Mo fi ọwọ́ jẹ ẹ́, òun náà fi ọwọ́ jẹ ẹ́. Nídìí kúlà yẹn ni mo ti mọ̀ pé mo fẹ́ràn rẹ̀, mi ò ní purọ́.

Láti ọjọ́ náà, ó máa ń sìn mí nínú reluwé dé Hansfield, ibùdókọ̀ tó sún mọ́ ilé wa, kó tó padà lọ sí Clondalkin tí kì í ṣe ọ̀nà kan náà rárá. Mo kọ́ ọ ní "olólùfẹ́ mi". Ó ń pè é bí ẹni tí ọ̀dùnkún gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀, síbẹ̀ ó ń wọ̀ mí lára. Nígbà tí Kérésìmesì fi máa kọjá, ó ní òun fẹ́ fi mí ṣaya.

Mo sọ fún Màmá nínú kíṣìnnì. "Màmá, mo ti rí ẹni tí mo fẹ́ fẹ́. Ajay lorúkọ rẹ̀."

"Àjàyí!" Ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ wọn. "Àjàyí Ògídí Olú! Jésù, o ṣeun o!"

"Màmá, kì í ṣe Àjàyí. Ajay ni."

"Ẹ̀yin ọmọ tí wọ́n tọ́ níbí! Orúkọ tiyín gan-an, ẹ ò lè pè é dáadáa mọ́. Àjàyí ni!" Kí n tó tún lanu, wọ́n ti wà lórí fóònù pẹ̀lú Mipọ̀sí, ìyá Ládiípọ̀, ọ̀rẹ́ wọn. "Mipọ̀sí, bá mi yọ̀! Ọmọ Yorùbá ni o!" Ìgbà tí wọ́n sọ fóònù kalẹ̀, mo tún gbìyànjú. Wọ́n ní kí n lọ wá ìrẹsì kí n ṣà.

Ọ̀sán Sátidé ni Ajay dé, ó gbé kúlà lọ́wọ́. Màmá fúnra wọn ló lọ ṣílẹ̀kùn, gèlè lórí, oríkì lẹ́nu. Bí wọ́n ṣe rí i, oríkì dákẹ́.

"Sorry, my dear. We did not order anything."

"Ẹ káàsán, mà," ni Ajay wí, bí mo ṣe kọ́ ọ. Ó gbé kúlà sílẹ̀, ó tẹ̀ ba, ó fi ọwọ́ méjèèjì kan ẹsẹ̀ wọn, bí wọ́n ṣe máa ń kí àgbà nílé wọn tí ọ̀rọ̀ bá tóbi. Màmá fò sẹ́yìn.

"Ẹ̀jẹ̀ Jésù! Kí ló ń wá lẹ́sẹ̀ mi?"

"Màmá, Ajay nìyí."

Wọ́n wo èmi, wọ́n wo òun. "Indian? Déọlá, Indian? Ṣé mi ò rí wọn nínú tẹlifíṣọ̀n ni? Àwọn tó ń mi orí bí aláǹgbá! Bàbá ni í fún wọn níyàwó, ìyá ọkọ ni í sọ ìyàwó dẹrú! God forbid! Ojú mi kọ́ ni wọ́n máa fi sọ ọmọ mi dẹrú!"

Ajay ò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n "Indian" kò nílò ìtumọ̀, "tẹlifíṣọ̀n" náà kò nílò rẹ̀. Ó dìde. "No bother, mà," ó ní, ó yí padà.

Mo sáré bá a dé ẹnu géètì.

"Michelle kì í ṣe èèyàn mi," ó ní. "Ṣùgbọ́n ìyá rẹ, Déọlá! Èmi ni mo dúró níwájú wọn, tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n rí."

"Jẹ́ ká fẹ́ ara wa láìsí ọwọ́ wọn níbẹ̀."

"Rárá. A kì í ṣe bẹ́ẹ̀ nílé wa. Tí ìyá rẹ ò bá fi ọ́ fún mi, mi ò ní jí ọ gbé." Omi lé ròrò sójú rẹ̀. "Olólùfẹ́ mi," ó ní, ó pè é dáadáa fún ìgbà àkọ́kọ́, ó sì lọ.

Mo bá Màmá jà lọ́jọ́ náà, ìjà tí mi ò bá wọn jà rí. Lẹ́yìn rẹ̀, kò sí ju "ẹ káàárọ̀" àti "o káàárọ̀" lọ láàárín wa. Ṣùgbọ́n mo rí kúlà Ajay nínú kọ́bọ́ọ̀dù kíṣìnnì, ó ti di fífọ̀, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Mi ò bi wọ́n ẹni tó jẹ ẹ̀gẹ́.

Ìgbà tí ẹ̀ẹ̀rùn wọlé ni eré náà jáde. Màmá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé àwọn arúgbó tí wọ́n ń tọ́jú dé ni, wọ́n na ẹsẹ̀ sórí àga, wọ́n tan tẹlifíṣọ̀n. Mi ò sọ fún wọn pé eré wa ni. Àwọn ènìyàn tí a ò rí ń rẹ́rìn-ín nínú àpótí náà, Màmá náà ń bá wọn rẹ́rìn-ín.

Ajay wọlé sójú tẹlifíṣọ̀n, ó ń mi orí. Màmá rẹ́rìn-ín dé ìdajì, ó há.

"Dúró ná." Wọ́n dìde, wọ́n súnmọ́ ọn. "Gèlè nìyẹn."

Wọ́n nàka sí i.

"Déọlá. Gèlè ló wà lórí ọkùnrin yìí. Wo etí rẹ̀ lápá òsì! Ta ló gbé ọwọ́ mi dé orí Indian?"

"Èmi ni mo wé e, Màmá. Wọ́n ní kí n wé e bó ṣe wù mí, pé ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa wò ó ò ní mọ̀."

"Èmi? Èmi ò ní mọ gèlè?" Wọ́n tún wò ó. "Ọmọ ọjọ́sí kọ́ nìyí? Kí ló ń mi orí fún? Nígbà tó dúró lẹ́nu ọ̀nà mi, ọrùn rẹ̀ le dáadáa! Òyìnbó tó sọ fún mi kọ́ nìyí!"

"Àwọn ló ní kó ṣe bẹ́ẹ̀. Tó bá sọ̀rọ̀ bó ṣe ń sọ ọ́, wọ́n á ní kò jọ Indian tó."

Màmá jókòó. Àwọn tó wà nínú àpótí ṣì ń rẹ́rìn-ín lọ.

"Nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dé," wọ́n ní, "tí mo pọ̀n ọ́ sẹ́yìn nínú bọ́ọ̀sì, obìnrin kan yẹ ojú rẹ wò. Ó ní, 'Ah, kò tiẹ̀ sí eṣinṣin lójú rẹ̀.' Eṣinṣin! Torí wọ́n ti fi ọmọ Áfíríkà hàn án ní tẹlifíṣọ̀n, eṣinṣin lójú, abọ́ lọ́wọ́. Mo sunkún délé. Mo ní báwo lèèyàn ṣe máa jókòó tì mí, tí kò ní rí mi?" "Èmi náà ni mo wá ṣe é fún ọmọ ọlọ́mọ. Àwọn ọmọ wa níbí, 'howya' ni wọ́n ń kí mi, ọwọ́ nínú àpò. Èyí fọwọ́ kan ẹsẹ̀ mi, mo lé e! Òpùrọ́ làpótí yìí, Déọlá. Òpùrọ́ ni, mo sì ń san owó iná fún un! Pa á."

Mo pa á.

"Pè é."

Bí ó ṣe gbé e, wọ́n gba fóònù lọ́wọ́ mi. "Àjàyí!"

"It's Ajay, mà."

"I said Àjàyí. Ògídí Olú. It is me that is giving you the name. Come and carry your cooler. I have put something inside."

Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Wọ́n sáré lọ gbé ìkòkò kaná.

Nígbà tí Ajay dé, ó dúró jìnnà sí ẹnu ọ̀nà, kò mọ̀ bóyá kó tẹ̀ ba. Màmá na ẹsẹ̀ ọ̀tún síwájú, wọ́n ń dúró dè é. Ó tẹ̀ ba. Wọ́n gbé ọwọ́ lé e lórí, wọ́n sì ṣàdúrà gígùn, títí ẹ̀yìn fi dun ọmọ ọlọ́mọ.

Ìyá Ajay náà jẹ́wọ́ fún wa nígbà tó yá pé, nígbà tí òun gbọ́ pé ọmọ Nàìjíríà ni mí, káàdì báńkì lòun kọ́kọ́ lọ fi pamọ́. Tẹlifíṣọ̀n wà ní pálọ̀ tiwọn náà. Màmá bínú, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n tún bínú, kí àwọn méjèèjì tó jọ wọ kíṣìnnì lọ bó ẹ̀gẹ́. Nígbà tí Michelle pe Ajay fún apá kejì eré rẹ̀, ó fèsì pé òótọ́ ni Michelle sọ lọ́jọ́sí, òun ò jọ Indian tó.

Láàárọ̀ ìgbéyàwó wa, ìyá Ládiípọ̀ gbé fìlà kan wá fún ọkọ ìyàwó, fìlà tó rẹwà gan-an. Ajay tẹ́ orí sílẹ̀ kí wọ́n dé e fún un. Màmá gba fìlà náà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ wọn.

"Mipọ̀sí, o ṣeun. Ṣùgbọ́n ẹ má fi nǹkan kan lé Àjàyí lórí lónìí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rí ọmọ mi."