Agbòòrùn Kẹfà

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ náà dé erékùṣù ìgbafẹ́. Má-kánjú ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́. Ogún ìṣẹ́jú péré ni ọkọ̀ ojú omi fi gbé e kúrò nínú ariwo ìlú ńlá.

Òkú obìnrin náà ṣì wà lórí àga ìrọ̀gbọ̀kú, bí wọ́n ṣe bá a. Oòrùn ń pa á lójú. Má-kánjú bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò ó. Ẹyinjú rẹ̀ ti pọ́n fún ẹ̀jẹ̀. Òwú aláwọ̀ ewé kan há sáàárín eyín rẹ̀. Ẹnìkan ti fi aṣọ bò ó nímú àti lẹ́nu títí ẹ̀mí fi bọ́. Má-kánjú retí kí àánú ṣe òun, kò ṣe é. Ọgbọ̀n ọdún lẹ́nu iṣẹ́ yìí kì í ṣe ọjọ́ kan.

Àwọn àlejò yòókù jọ wà pa pọ̀ láti àárọ̀, wọn ò kúrò lójú ara wọn. Ó ku ẹni mẹ́ta tí kò ní ẹlẹ́rìí.

Àbúrò olóògbé jókòó sórí iyanrìn. Kò sunkún.

“Níbo lẹ wà, madam?”

“Mo rìn lọ sí ìpẹ̀kun etíkun láago mọ́kànlá. Aago mẹ́ta ni mo padà.”

“Ta ló rí yín?”

“Kò sí. Ẹ mú mi lọ, sà.”

“Ṣé ẹ̀yin lẹ pa á ni?”

“Rárá. Àmọ́ ẹ mú mi lọ.”

Ọlọ́pàá tó bá ọ̀gá rẹ̀ wá ti fa ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ̀ yọ. Má-kánjú mọ̀ pé bí wọ́n bá dè é báyìí, ẹ̀wọ̀n gbére ló ń lọ.

“Fi í sílẹ̀ ná. Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran.”

Ó kọjú sí awakọ̀ ojú omi tó ń gbé àwọn àlejò wá. Gíríìsì ti kun ọwọ́ rẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́. Láti àárọ̀ ló ti ń tú ẹ́ńjìnnì.

“Wọ́n ní olóògbé bú ẹ.”

“Ó ní mò ń sáré jù, sà. Bí mo bá ń pa gbogbo ẹni tó ń bú mi, ta ni màá máa gbé?”

Aṣọ funfun ni olóògbé wọ̀. Kò sí gíríìsì lára rẹ̀ rárá.

Ó ku Alágbòòrùn, ọkùnrin tó ń tọ́jú àga àti agbòòrùn etíkun. Àtẹ́lẹwọ́ ló fi ń gbá iyanrìn kúrò lórí àga.

“Báwo niṣẹ́ yín ṣe rí?”

“Bí oòrùn bá ṣe ń rìn ni mo ń yí agbòòrùn, sà. Wákàtí wákàtí. Mi ò kì í fo ẹnikẹ́ni.”

“Ìgbà wo lẹ mọ̀ pé ó ti kú?”

“Aago mẹ́ta, nígbà tí àbúrò ẹ̀ ń jí i. Mo rò pé ó ń sùn ni.”

Má-kánjú gbójú sókè. Agbòòrùn mẹ́fà ló wà níbẹ̀. Márùn-ún tẹ̀ sí ìwọ̀-oòrùn. Ti olóògbé nìkan ló ṣì kọjú sí ìlà-oòrùn, bíi tàárọ̀, ibòòji rẹ̀ sì bọ́ sórí iyanrìn lásán.

“Gbogbo ẹ̀ lo yí?”

“Gbogbo ẹ̀, sà.”

“Wo tiẹ̀.”

Ó wò ó.

“Ẹni tó ń sùn ń fẹ́ ibòòji. Ìwọ nìkan lo mọ̀ pé èyí ò nílò ẹ̀ mọ́. Aṣọ tí o fi ń nu àga dà?”

Alágbòòrùn fẹsẹ̀ wú iyanrìn lẹ́yìn ibi tó ń kó àga sí. Àkísà aláwọ̀ ewé kan yọ, etí rẹ̀ ti ya.

“Ọmọ ọdún méje lọmọ mi nígbà tí mọ́tò ẹ̀ gbá a pa. Obìnrin yìí dúró níwájú adájọ́, ó ní òun lòun wà á. Wọ́n dá a sílẹ̀. Láàárọ̀ yìí, bí àbúrò ẹ̀ ṣe lọ tán, ó ní kí n jọ̀ọ́ wá ibòòji tó dáa fún òun. Kò dá mi mọ̀.”

“Ara ẹ wá fúyẹ́?”

“Rárá, sà. Mo rò pé màá mọ nǹkan kan lára. Mi ò mọ nǹkan kan. Mo kàn lọ yí agbòòrùn tó kàn.”

Àbúrò olóògbé dìde.

“Èmi ni mo wa mọ́tò yẹn. Oyún wà nínú mi nígbà náà. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n bọ́ sẹ́yìn, òun bọ́ síwájú kí ọlọ́pàá tó dé. Kò jẹ́ kí n dé kóòtù rárá.”

“Ìwọ?” Alágbòòrùn bi í.

“Èmi ni.”

Alágbòòrùn jókòó sílẹ̀.

Ọkọ̀ kan ṣoṣo ló ń padà sí ìlú. Wọ́n tẹ́ òkú sáàárín, Alágbòòrùn jókòó lápá kan pẹ̀lú ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ̀, àbúrò olóògbé jókòó lápá kejì. Èbúté ti ń yọ lọ́ọ̀ọ́kán kí obìnrin náà tó lanu.

“Kí lorúkọ ọmọ yín?”

Ọkùnrin náà sọ ọ́ fún un, obìnrin náà sì pè é lẹ́ẹ̀kan, jẹ́jẹ́.