Aṣọ Òwú Wan

Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹrin, ọdún kẹsàn-án ìjọba Yongle, ọba ilẹ̀ Ṣáínà, Qiu Wan kú. Ibà ló pa á. Pang Deshun ni ọkọ rẹ̀.

Ọjọ́ tí Deshun kọ́kọ́ rí i, orí igi ni Wan wà, ó ń já ewé fún kòkòrò sẹ́dà bàbá rẹ̀. Abọ́ tánganran ni Deshun ń kiri tà ní Huzhou. Ó dúró sábẹ́ igi náà, ó ń wòkè.

“Ẹ̀yin oníṣòwò, ṣé ewé lẹ fẹ́ rà ni, àbí ẹ fẹ́ jẹ ẹ́?”

“Abọ́ ni mo ń tà.”

“Ẹnu yín ló là sílẹ̀ bí abọ́ yẹn.”

Láti ọjọ́ náà ni ọkàn Deshun ti fà sí i. Ó ń gba ọ̀nà oko wọn ṣáá, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó ń ra abọ́ níbẹ̀.

Nígbà tí Deshun wá tọrọ Wan, bàbá rẹ̀ kò gbà.

“Àgbẹ̀ ni wá,” ó ní. “Òfin ọba gba àgbẹ̀ láyè kó wọ sẹ́dà dídán. Kò gba oníṣòwò láyè. Ṣé o fẹ́ kí ọmọ mi máa hun sẹ́dà, kó máa wọ òwú?”

Wan ló dáhùn.

“Bàbá, sẹ́dà kì í bá ènìyàn sọ̀rọ̀. Eléyìí ń bá mi sọ̀rọ̀.”

Wọ́n fẹ́ra. Bàbá kò fẹsẹ̀ tẹ ilé wọn. Wan ń hun sẹ́dà fún ìyàwó àwọn ìjòyè, òun fúnra rẹ̀ ń wọ òwú aláró. Deshun fẹ́ràn rẹ̀ gidigidi, ojú sì ń tì í nítorí aṣọ òwú náà.

Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ wọṣọ fún òkú Wan, bàbá rẹ̀ dé, ó ti ń tẹ̀pá. Ẹ̀wù sẹ́dà pupa wà lọ́wọ́ rẹ̀.

“Dá ọmọ mi padà fún mi. Bí mo bá sin ín sí ilẹ̀ mi, ọmọ àgbẹ̀ ni, kò sẹ́ni tó máa bọ́ èyí lára rẹ̀. Níbí, ìyàwó oníṣòwò ni. Àwọn ìjòyè ò ní gbà kó wọ̀ ọ́.”

Deshun fọwọ́ kan ẹ̀wù náà. Ó ti pẹ́ tó ti ń wù ú kí Wan wọ irú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí Wan bá lọ, òun nìkan ni yóò dùbúlẹ̀ sí ibojì tó wà fún àwọn méjèèjì.

Ó gbọ́wọ́ kúrò lára ẹ̀wù náà.

“Bàbá, ẹ má bínú. Èmi ni mo ń tijú aṣọ òwú. Wan kò tijú rẹ̀ rí. Ẹ jẹ́ kó wọ̀ ọ́ lọ. Ẹ jẹ́ kó dúró tì mí.”

“Olóríkunkun ni yín, ẹ̀yin méjèèjì.”

Bàbá gbé sẹ́dà náà kalẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó ń ṣẹ́ ọrùn aṣọ òwú tí wọ́n wọ̀ fún Wan sí apá òsì, bí wọ́n ti ń ṣe fún òkú.

“Aṣọ yìí fẹ̀ jù fún un. Ó rù, àbí?”

“Ó rù, Bàbá.”

Àwọn méjèèjì ló dè é ní àmùrè.

Ohun tí Wan fi sílẹ̀ nìyí: ẹsẹ̀ bàtà kan tó ti rán tán, èkejì ṣì ní abẹ́rẹ́ lára, ìyarí onígi tí eyín rẹ̀ ti ká, adìyẹ kan tó ń sàba, ìkòkò ata ilẹ̀ tó rẹ sínú ọtí kíkan, èyí tí Wan ní kí Deshun má ṣe ṣí títí ìgbà òjò yóò fi parí.