Ìgò Omi Gbígbóná Apá Òsì

Inú ìkòkò kan náà ni mo ti bu omi sínú ìgò méjèèjì. Èyí tí mo tẹ́ sí ìhà ọ̀tún ọkọ mi ṣì gbóná dáadáa, ti òsì ti tutù nini. Mo yẹ ọmọrí rẹ̀ wò bóyá ó ń jò. Kò jò.

Òjò ló ká Micah mọ́ ọ̀nà nígbà tó ń ti ìpàdé ìjọ bọ̀ láti Ifọ́nyìntẹ̀dó. Ọ̀kadà rẹ̀ kú sínú àgbàrá, ó sì ń tì í bọ̀. Nígbà tó fi wọ Ajílété lọ́sàn-án, ètè rẹ̀ ti funfun, kò lè pe orúkọ mi já geere. Ọkọ kan ṣoṣo ni mo ní.

Mo bọ́ aṣọ tó rin gbingbin lára rẹ̀, mo nù ún gbẹ, mo da bùláńkẹ́ẹ̀tì bò ó. Mo mọ̀ pé a kì í fi ìgò gbígbóná kan ara ẹni tí òtútù mú. Ara tó ti kú tipiri kò ní mọ̀ bó bá ń jó o. Omi tí ọwọ́ gbà ni à ń rọ sí i, aṣọ la sì fi ń wé e. Mo fi gèlè mi wé ti ọ̀tún. Gbogbo aṣọ yòókù wà lórí okùn nínú òjò, ni mo bá fa ìró kan yọ nínú àpótí ìyá ọkọ mi tó ti dolóògbé, mo fi wé ti òsì.

Nílé wa, a kì í lo aṣọ òkú kí àwọn ọmọ tó pín in. Mo ní onígbàgbọ́ ni wá, àti pé ìgò ni mo wọ̀ ọ́ fún, kì í ṣe ara mi.

“Ṣé ara ń móoru?” mo bi Micah.

“Díẹ̀díẹ̀.” Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. “Ta ló wà lápá òsì mi yìí? Òun náà ń gbọ̀n.”

Ògiri ló wà níbẹ̀.

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, èmi fi ìkánjú mú un. Mo tú ìró náà, mo rọ omi tó ń hó látorí iná sínú ìgò, mo gbàgbé láti wé e, mo ń tì í bọ̀ sí abíyá rẹ̀ báyìí. Ẹnì kan gbà á lọ́wọ́ mi. Jẹ́jẹ́ ni, bí ìyá àgbà ṣe ń gba ọmọ lọ́wọ́ abiyamọ.

Mo dijú pì. Nígbà tí mo lajú, ìgò náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Wọ́n ti fi ìró wé e dáadáa. Mo yẹ gbogbo ara Micah wò, kò pọ́n níbì kankan. Ó ní òun fẹ́ mu tíì.

Fóònù dún. Fadékẹ́mi, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi tó ń tajà l'Ówódé, ni.

“Ìyàwó wa, ṣé kò sí o? Mo tòògbé ní ṣọ́ọ̀bù báyìí ni Màmá wọlé. Wọ́n ń fẹ́ atẹ́gùn sí àtẹ́lẹwọ́ wọn, ó ti bó yánnayànna. Wọ́n ní kí n sọ fún ẹ pé omi yẹn ti gbóná jù fún ọmọ àwọn.”

“Kò séwu, mà,” ni mo dá wọn lóhùn. Ẹkún gbà mí.

Mo bu omi tútù sínú abọ́, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. “Màmá, ẹ ṣeun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ki ọwọ́ bọ̀ ọ́.”

Kí Micah tó mu tíì rẹ̀ tán, omi inú abọ́ náà ti lọ́ wọ́ọ́rọ́.