Ibi Tí Gbòǹgbò Ti Tẹ̀

Eyín tí wọ́n ti fà ló wà lọ́wọ́ ọkùnrin náà lọ́jọ́ tí Dosi kọ́kọ́ rí i. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn l'Ágbádárìgì, ó gbé eyín náà sókè sí oòrùn, ó dijú kan, ó ń wo bí gbòǹgbò rẹ̀ ṣe tẹ̀. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Dosi wú bí àkàrà, síbẹ̀ ẹ̀rín fẹ́ pa á.

“Dókítà, ṣé ẹ fẹ́ fi ṣe ìlẹ̀kẹ̀ ni?”

“Mò ń kọ́ bí mi ò ṣe ní ba tiyín jẹ́ ni.”

Ó sì bà á jẹ́. Rewájú ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Èkìtì tí ìjọba gbé wá síbẹ̀. Àsìkò ṣọ́jà ni, nǹkan le koko. Àwọn irin tín-ín-rín tí ẹ̀rọ fi ń fọ inú gbòǹgbò eyín kò wọ̀lú mọ́ láti òkè òkun. Èyí tó yẹ kí wọ́n sọnù, wọ́n á sè é, wọ́n á tún un lò. Gbòǹgbò eyín Dosi sì tẹ̀ bí ìwọ̀ ẹja. Ẹ̀rọ ń yí, irin ń wọlé, àfi ṣín. Òógùn bo dókítà.

Ó lè dákẹ́ o, ta ni ìbá mọ̀? Ṣùgbọ́n ó jókòó tì í, ó ní, “Irin ti kán sínú eyín yín. Ẹ̀bi mi ni. Mo kánjú níbi tó tẹ̀.”

Òtítọ́ yẹn ló mú Dosi lọ́kàn. Ó ń wá kí Rewájú lè máa yẹ eyín náà wò. Eyín dákẹ́, Dosi ò dákẹ́ wíwá. Kí ọyẹ́ tó dé, wọn ò fi ẹ̀yin bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́.

Zinsu, bàbá Dosi, tó ń fi ọkọ̀ ojú omi ẹlẹ́ńjìnì kó èrò láti Iworo, kò gbà. “Ó fi irin sílẹ̀ lẹ́nu ọmọ mi, ó tún wá ń tọrọ ọmọ náà?” Òun nìkan ló tọ́ Dosi lẹ́yìn ikú ìyá rẹ̀. Dosi ò lè lọ sílé ọkọ láìsí àdúrà rẹ̀, kò sì lè fi Rewájú sílẹ̀. Ó sunkún títí.

Àfi bí eyín Zinsu náà ṣe gbiná. Ó fi ọtí sódábì yọ ẹnu títí, pàbó ni. Kò sí epo tí mọ́tò máa fi dé Èkó, kó lè rí dókítà mìíràn. Nígbà tó yá, ó jókòó sórí àga Rewájú, ó ní bí irin bá kù sẹ́nu òun, kó má fẹsẹ̀ kan ilé òun mọ́ láé.

Jẹnẹrétọ̀ ò gbé ju ẹ̀rọ lọ, nítorí náà Dosi ló ń tan tọ́ọ̀ṣì. Fọ́tò eyín fi hàn pé ti bàbá tẹ̀ ju ti ọmọ lọ. Ẹ̀rọ ń kùn, irin ń wọlé. Lójijì, Rewájú pa ẹ̀rọ. Dosi béèrè pé, “Ó ti kán?” Rewájú mi orí pé rárá. Ó mú irin mìíràn, ó fi ìka tẹ ṣóńṣó irin náà kó rí bí ìwọ̀ díẹ̀, ó wá ń fi ọwọ́ yí i lọ yí i bọ̀, pẹ̀lẹ́, pẹ̀lẹ́. Jẹnẹrétọ̀ jó epo tán, ó kú. Rewájú ò tilẹ̀ gbọ́. Zinsu di àga mú gírígírí.

Nígbà tó parí, ó to gbogbo irin sórí aṣọ funfun. Kò sí èyí tó kán.

Zinsu wò wọ́n, ètè rẹ̀ ṣì kú nítorí abẹ́rẹ́. “Kí ló dé tí o fi pa ẹ́ńjìnì?”

“Ibẹ̀ tẹ̀, bàbá. Ẹ̀rọ ò lè mọ̀. Ọwọ́ ló ń mọ̀ ọ́n.”

“Níbo lo ti kọ́ ìyẹn?”

“Lẹ́nu Dosi.”

Bàbá dìde lórí àga. Ó wá ní kó lọ pe àwọn ará Èkìtì rẹ̀. Òun fúnra òun ni yóò fi ọkọ̀ gbé wọn wá láti Iworo.

Lọ́jọ́ ìdána, Dosi dúró lébùúté, ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀. Ó gbọ́ tí ẹ́ńjìnì bàbá rẹ̀ kú níbi tí ọ̀sà ti tẹ̀, níbi tó máa ń pa á sí kó tó mú ọ̀pá ìtukọ̀. Ó pẹ́. Nígbà tí ọkọ̀ yọ, Zinsu ló ká apá jókòó. Rewájú ló dúró nídìí ọkọ̀, agbádá rẹ̀ rin gbingbin, ó ń fi ọ̀pá bàbá wakọ̀ bọ̀, kò kánjú. Dosi fi ahọ́n kan eyín tí irin wà nínú rẹ̀, ó sì bú sẹ́kún ayọ̀.