Abẹ́rẹ́ Orí Ìwé

"Gbé abẹ́rẹ́ rẹ kúrò lójú mi!" Bàbá Gbọ́lágadé fa aṣọ ìbora bo apá rẹ̀. "Oúnjẹ kò tíì dé. Ṣé o fẹ́ kí n dákú ni?"

Adéfọlákẹ́ mí kanlẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kẹta tí yóò bẹ bàbá náà láàárín wákàtí kan nìyí. Aránṣọ ni bàbá ní ọjà Mont-Bouët nílùú Libreville, Nàgó láti ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ sì ni. Àtọ̀gbẹ ló gbé e dé ilé ìwòsàn kékeré yìí ní Awendjé, kò sì sí ohun tó tẹ́ ẹ lọ́rùn níbẹ̀. Lánàá, ó ní ìrọ̀rí le. Láàárọ̀, ó ní atẹ́gùn fèrèsé pọ̀ jù. Ó wá kan abẹ́rẹ́ ínsúlínì ọ̀sán, èyí tó ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Màdáàmù Victorine ti wọn oògùn yìí sílẹ̀ fún yín. Ẹ jẹ́ kí n ṣe iṣẹ́ mi."

"Ọmọ mi obìnrin ń gbé oúnjẹ bọ̀ láti Ntoum. Tó bá dé, kó o gún mi."

Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni Adéfọlákẹ́. Libreville ni wọ́n bí i sí, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló sì ń kọ́. Ọjọ́ náà gan-an, ọjọ́ Ẹtì, ni ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ìkọ́ṣẹ́ rẹ̀ máa pé. Ogún abẹ́rẹ́ ni akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ gún kó tó kọjá. Mọ́kàndínlógún ló wà nínú ìwé tirẹ̀.

Chloé, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ti gún ogún abẹ́rẹ́ tirẹ̀ pé láti ọjọ́ Ajé, fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Kí lò ń dúró dè?" ó fi èdè Faransé bi í. "Da oògùn yẹn nù, kó o buwọ́ lùwé. Ta ló máa mọ̀?"

"Tí oúnjẹ bá dé, màá padà wá gún un," ni Adéfọlákẹ́ sọ, bí ẹni ń tan ara rẹ̀.

Ó da oògùn náà síbi ìfọwọ́, ó ju abẹ́rẹ́ sínú àpótí àlòkù, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé aláìsàn pé: Aago méjìlá, mo gún un. Victorine, àgbà nọ́ọ̀sì, ń di egbò fún ẹlòmíì lọ́wọ́. Ó buwọ́ lu ìwé ìkọ́ṣẹ́ Adéfọlákẹ́ láìbéèrè ohun kankan. Bí àwọn ọ̀rẹ́ méjèèjì ṣe jáde lọ ya fọ́tò nìyẹn. Oúnjẹ dé láti Ntoum, bàbá jẹ ẹ́ tán, kò sì sẹ́ni tó padà wá gún un.

Nígbà tí àwọn ọ̀rẹ́ méjèèjì fi máa padà wọlé ní aago méjì ààbọ̀, bàbá ń tòògbé, ẹnu rẹ̀ gbẹ táútáú. Dókítà Norbert yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ó wo ìwé, ó sì mi orí.

"Ó gbabẹ́rẹ́, ó sì tún ga tó báyìí? Ẹ sọ oògùn rẹ̀ di ìlọ́po méjì. Iye tí yóò máa gbà láti òní lọ nìyẹn."

Victorine bẹ̀rẹ̀ sí í wọn ọ́n. Chloé já Adéfọlákẹ́ léèékánná. "Pa ẹnu ẹ mọ́ o. Tó o bá sọ̀rọ̀, o ti bọ́ sẹ́yìn nìyẹn."

Ṣùgbọ́n Adéfọlákẹ́ mọ ohun tí ìlọ́po méjì lè ṣe. Tí ṣúgà bá já wálẹ̀ jù lára àgbàlagbà, ó lè sùn kó má jí mọ́.

"Màdáàmù, ẹ dúró! Bàbá kò gba abẹ́rẹ́ ọ̀sán. Ó ní òun kò ní gbà á. Èmi ni mo purọ́."

Victorine gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀. "Adéfọlákẹ́! Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi ń pariwo ohun kan ṣoṣo létí yín! Kí ni mo máa ń wí?"

"Ohun tá ò bá ṣe, a kì í kọ ọ́."

"O mọ̀ ọ́n! O mọ̀ ọ́n lórí bí àdúrà! Aláìsàn lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ̀, òfin ló fún un. Kó o kọ 'ó kọ̀', kó o pè mí, ó parí! Ọ̀rọ̀ méjì péré! Tí bàbá yìí bá kú, ìwé yìí ni wọ́n máa gbé síwájú adájọ́." Ó gbá iwájú orí ara rẹ̀. "Èmi náà sì buwọ́ lu tìẹ láìwò. Ẹjọ́ tèmi ń bẹ nílẹ̀ o."

Dókítà dá oògùn náà padà sí iye tó yẹ, Victorine sì gún bàbá. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ṣúgà ti rọlẹ̀, ojú bàbá sì ti là. Adéfọlákẹ́ lọ kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, ó jẹ́wọ́.

"Ìwọ ọmọ yìí!" bàbá kígbe. "Èmi fúnra mi ni mo kọ abẹ́rẹ́, mo sì mọ ìdí tí mo fi kọ̀ ọ́. Ìwọ wá bá mi gbà á lórí ìwé? Ara ta lo fi gbà á?"



Ilé ẹ̀kọ́ ní kí Adéfọlákẹ́ tún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà náà ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Chloé àti àwọn yòókù bọ́ sí kíláàsì iwájú. Ìyá Adéfọlákẹ́ káwọ́ lérí nílé. "Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan lòótọ́ yóò bá a. Tìrẹ kò tilẹ̀ pé wákàtí mẹ́ta!"

Ojú tì í, inú sì bí i sí ara rẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tó tò pẹ̀lú àwọn tó wà ní kíláàsì ẹ̀yìn rẹ̀ láti gba ìwé ìkọ́ṣẹ́ tuntun, ó mọ̀ pé ìyà tó jẹ òun kò tó nǹkan. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣeé tún ṣe, ẹ̀mí èèyàn kò ṣeé tún ṣe. Ohun tí nọ́ọ̀sì bá kọ ni dókítà ń gbà gbọ́, òun náà ló sì fi ń tọ́jú aláìsàn. Ẹni tó bá kọ irọ́ síbẹ̀, aláìsàn ló fi irọ́ náà gún.