Ilé Ọ̀ọ́dúnrún

Mi ò nílé, mi ò nílẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ẹsẹ̀ mi méjèèjì ló gbé mi débẹ̀, etí mi yìí ló sì gbọ́ ọ. Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́, kó máa bá tirẹ̀ lọ. Mi ò ní bẹ̀ ẹ́.

Àdúgbò kan wà lẹ́yìn ojú irin tí mo sùn sí fún ọdún mẹ́ta. Ilé onípákó, ilé onípáànù, wọ́n fún mọ́ra bí eyín inú ẹnu. Nínú máàpù ìjọba, funfun báláú ni ibẹ̀. Ibi tí ìjọba ò rí, omi ẹ̀rọ kì í débẹ̀. Àwọn ọmọdé ló ń sọdá títì ńlá lọ pọn omi. Lọ́dún tó kọjá, ọkọ̀ gbá ọmọdébìnrin kan, ọmọ aránṣọ àdúgbò wa, lójú títì yẹn, pẹ̀lú korobá lórí rẹ̀. Ọmọ náà kú. Abẹ́ páànù aránṣọ yìí ni mo ń sùn. Láti ọjọ́ yẹn, kò kọrin nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ mọ́.

Ìgbà yẹn ni obìnrin awọnlẹ̀ kan dé, òun pẹ̀lú fóònù àti bàtà líle. Ó ní iléeṣẹ́ omi ti sọ pé bí ilé ibẹ̀ bá pé ọ̀ọ́dúnrún, àwọn á fa omi wá. Bó bá fi ẹyọ kan dín, ó tán. Ó ní àwa fúnra wa la máa ya máàpù ara wa.

"Ta ló mọ gbogbo kọ̀rọ̀ ibí?" ó béèrè.

Aránṣọ nawọ́ sí mi. "Bàbá Alárìnká ni. Kò sẹ́nu ọ̀nà tí wọn ò tíì lé wọn kúrò rí."

Bí iṣẹ́ náà ṣe rí nìyí. Màá kan ilẹ̀kùn, màá kí onílé, màá béèrè iye èèyàn tó ń gbébẹ̀. Lẹ́yìn náà ni màá tẹ fóònù, àmì pupa kékeré kan á sì yọ síbi tí mo dúró sí. Àmì kan, ilé kan. Òfin obìnrin náà ò ju ẹyọ kan lọ.

"Bàbá, ẹ má tẹ̀ ẹ́ láìrí ojú èèyàn."

"Mo ti gbọ́."

"Ẹ ò gbọ́ o. Ẹ kàn ní ẹ ti gbọ́ ni."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi rìn. Nígbà kan ó bi mí pé ibo lòun máa kọ èmi sí.

"Má kọ mí síbì kankan," ni mo wí. Ẹni tí wọn ò kọ sílẹ̀, ta ló máa wá a?

Lọ́jọ́ tó kẹ́yìn, ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹ̀ ní kòtò, ó wú. Èmi nìkan ni mo lọ. Nígbà tó di ọ̀sán, àmì wa jẹ́ ọ̀ọ́dúnrún ó dín kan. Mo wá ilé kan ṣoṣo tó kù títí, mi ò rí i. Oòrùn ń jó mi lágbárí. Mo yà sí ọ̀nà tóóró kan lẹ́yìn ògiri ojú irin. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa, mo ti tọ̀ síbẹ̀ láìmọye ìgbà. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ ju ògiri búlọ́ọ̀kù lọ.

Ibẹ̀ pa rọ́rọ́. Ẹ̀rọ aránṣọ tí mo ń gbọ́ látàárọ̀ dákẹ́. Ajá dákẹ́. Mi ò gbọ́ ìró ẹsẹ̀ ara mi gan-an.

Mi ò mọ ohun tó sún mi. Mo gbé ọwọ́ sókè, mo kan ògiri.

"Ẹ kúulé o."

"Ẹ káàbọ̀," ohùn obìnrin kan wí láti inú. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí.

Mo ní bóyá ilé kan wà lódìkejì, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kọjú síbòmíràn.

"Èèyàn mélòó lẹ wà nílé?"

Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, bí àwọn èèyàn tó ń ka ara wọn.

"Méje," ó ní. "Fún ìsinsìnyí."

Mo rántí korobá ọmọ aránṣọ. Mo tẹ fóònù.

Nírọ̀lẹ́, obìnrin awọnlẹ̀ wo àmì náà.

"Ẹ rí wọn, Bàbá?"

"Mo rí wọn."

Irọ́ kan ṣoṣo tó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, mo yí ògiri náà po. Koríko ló wà lódìkejì, àti irin rélùwéè. Kò sí ilé kankan. Mo padà lọ jẹ́wọ́. Obìnrin náà ò bú mi.

"Tí mo bá pa á rẹ́, ó ti dín kan," ó ní. "Tí mo bá sì fi í sílẹ̀, tí ẹni tí iléeṣẹ́ omi ń rán bọ̀ wá yẹ̀ ẹ́ wò lọ́sàn-án yìí bá débẹ̀, wọ́n á da gbogbo máàpù nù."

"Pa á rẹ́."

Ó tẹ̀ ẹ́. Àmì náà ò lọ. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Ibi tó wà náà ló wà.

Ọkùnrin iléeṣẹ́ omi dé lọ́sàn-án. Ó ní òun á yẹ ilé mẹ́wàá péré wò. Ilé tó gbé nọ́ńbà ọ̀ọ́dúnrún ló kọ́kọ́ mú. Mo ṣíwájú, aránṣọ tẹ̀ lé wa.

"Ilẹ̀kùn dà?" ọkùnrin náà béèrè.

Aránṣọ ló sọ̀rọ̀, òun tí mi ò tíì sọ nǹkan kan fún.

"Ẹ kàn án, ọ̀gá."

"Kí n kan ògiri? Orí yín pé ṣá?"

"Ẹ ṣáà kàn án."

Ó rẹ́rìn-ín, ó fi bírò rẹ̀ kàn án. Gbogbo ibẹ̀ pa rọ́rọ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

"Ta nìyẹn?"

Ohùn ọmọdébìnrin ni lọ́tẹ̀ yìí. Aránṣọ di apá mi mú, èékánná rẹ̀ wọ̀ mí lára.

"Èèyàn mélòó lẹ wà?" ọkùnrin náà béèrè. Kò rẹ́rìn-ín mọ́.

"Méje."

Ó sàmì sínú ìwé rẹ̀. Kò yẹ ilé mẹ́sàn-án tó kù wò. Òógùn bo ọrùn rẹ̀ bó ṣe ń yára lọ.

Aránṣọ gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ògiri náà. "Ẹ máa lọ, Bàbá," ó ní. "Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀."

Omi dé lóòótọ́. Ọmọ kankan ò sọdá títì mọ́. Wọ́n fi ẹnu ẹ̀rọ kan sára ògiri yẹn, torí ó wà nínú máàpù. Mi ò rí ẹni tó ṣí i rí, àmọ́ ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ máa ń tutù lọ́sọ̀ọ̀sán. Aránṣọ tún bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin. Èmi di àpò mi.

Obìnrin awọnlẹ̀ sìn mí dé ẹ̀bá ọ̀nà. Ó gbé fóònù sí mi lójú. Ilé nọ́ńbà ọ̀ọ́dúnrún, èèyàn mẹ́jọ.

"Bàbá, ta ló yí i padà?"

Mo ń rìn lọ.

Ìlú mẹ́rin ni mo ti là kọjá látìgbà náà. Lọ́sàn-án àná, mo nà sábẹ́ afárá kan, mo fẹ̀yìn ti kọnkéré. Èmi nìkan ni mo wà níbẹ̀. Ariwo ọkọ̀ dákẹ́ lójijì. Ẹnì kan ń kan kọnkéré náà láti òdìkejì, ko, ko, ko.

"Ẹ kúulé o," ó ní. Ohùn ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ni. "Èèyàn mélòó lẹ wà nílé?"

Mo di ètè mi pọ̀, mo fi eyín há a. Ẹnu mi là fúnra rẹ̀.

"Mẹ́jọ," ni mo wí.