Ìsmáílà Dá Ọkọ̀ Oògùn Dúró

Ọjọ́ tí Ìsmáílà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ oògùn ikọ́ kan ní Ṣàngó-Ọ̀tà, Fadékẹ́, ọ̀gá yàrá àyẹ̀wò, bá a níbi tó ti ń ki oògùn bọnú ẹ̀rọ tó ń wọn agbára rẹ̀.

"Dúró ná! Sítáńdáàdì rẹ dà?"

"Ẹ má bínú, àǹtí. Mo rò pé kọ̀ǹpútà á sọ bó ṣe le tó fún wa ni."

Ẹ̀rín pa Fadékẹ́. Wọ́n jọ fi omi po sítáńdáàdì márùn-ún, ìyẹn àpòpọ̀ oògùn tí wọ́n mọ agbára ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Kọ̀ǹpútà fi wọ́n fa ìlà kan. "Ohun tá a mọ̀ la fi ń wọn ohun tá ò mọ̀," ni Fadékẹ́ wí.

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti jọ ń jẹun ọ̀sán. Ó tó oṣù mẹ́fà, Ìsmáílà ní, "Ṣé mo lè má pè yín ní àǹtí mọ́?"

"Kí lo wá fẹ́ máa pè mí?"

"Olólùfẹ́ mi."

Inú Fadékẹ́ dùn, ó mú ẹran inú abọ́ rẹ̀ fún un.

Ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀, díákónì ní ṣọ́ọ̀ṣì ńlá kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́, kọ̀ jálẹ̀. "Mùsùlùmí kọ́ ni mo tọ́ ọ fún." Fadékẹ́ sunkún, kò bá a jà.

Ní ọjọ́ Ẹtì kan, Ìsmáílà sáré wọ yàrá àyẹ̀wò. "Fadékẹ́, omi tí mo fi po sítáńdáàdì kéré sí èyí tí mo kọ sí kọ̀ǹpútà. Oògùn tá a fọwọ́ sí le jù. Tí mo bá sọ, orúkọ tìẹ náà wà lórí ìwé."

Oògùn ọmọdé ni. Ọkọ̀ ti ń kó o.

"Máa sáré lọ, olówó orí mi, kí wọ́n tó jáde."

Ìsmáílà dá ọkọ̀ náà dúró lẹ́nu géètì. Àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ ní kí wọ́n tún oògùn náà yẹ̀ wò: ó le jù lóòótọ́. Wọ́n ní kí Ìsmáílà lọ rọ́kún nílé fún ọ̀sẹ̀ méjì. Wọ́n gba ipò ọ̀gá lọ́wọ́ Fadékẹ́. Fadékẹ́ fúnra rẹ̀ ló ròyìn ọ̀rọ̀ náà fún bàbá rẹ̀ nílé.

"Ṣé ọmọkùnrin náà ló fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́?" ni bàbá bi í.

"Òun ni, Dádì. Kò sẹ́ni tí ì bá mọ̀."

Bàbá ní, "Ní kó mú bàbá rẹ̀ wá lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn."

Álífà Mùkáílà, bàbá Ìsmáílà, wá láti Ìkirun. Àwọn àgbà méjèèjì sọ̀rọ̀ títí oúnjẹ fi tutù, wọ́n sì gbà kí àwọn ọmọ fẹ́ra.

Kóòtù Ọ̀tà ni wọ́n ti ṣègbéyàwó lóṣù Kejìlá. Álífà ṣàdúrà tirẹ̀ lédè Lárúbáwá, díákónì ṣe tirẹ̀ lórúkọ Jésù. Fadékẹ́ di ọwọ́ ọkọ rẹ̀ mú, ó ṣe àmín sí méjèèjì.